Oògùn Orúnkún Kì í Dúró sí Orúnkún



Ẹni tó ti ń jókòó sórí ẹní níwájú ọpọ́n láti kékeré, tó ń kúnlẹ̀, tó ń foríbalẹ̀, tó tún ń jó mọ́jú lọ́jọ́ ọdún, bó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ á ti máa wí tẹnu ẹ̀. Èmi náà ní làkúrègbé lórúnkún ọ̀tún. Bó bá le, mo máa ń lo oògùn òyìnbó sí i. Mo sọ ọ́ síta kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé babaláwo kì í dé kẹ́mísì. Ọ̀sanyìn ò bá mi jà rí nítorí ìyẹn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bí àwọn èèyàn wa ṣe ń lo diclofenac, ibuprofen, piroxicam àtàwọn ẹgbẹ́ wọn bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ohun kan wà nínú ara tó ń mú kí oríkèé wú, kó sì máa ro ni. Òun làwọn oògùn yìí ń dá dúró. Àmọ́ ohun kan náà yẹn ló ń dáàbò bo inú ikùn, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé kíndìnrín dáadáa. Bí ẹ bá dá a dúró lórúnkún, ẹ ti dá a dúró níkùn náà nìyẹn. Ẹni tó ní abẹ́rẹ́ lòun ń gbà, pé òun kì í gbé e mì, kò tíì bọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan wá pé kí n dífá fóun. Ó rẹ̀ ẹ́, òyì ń kọ́ ọ, ó ní ọwọ́ ayé ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, báwo ni ìgbẹ́ yín ṣe rí?"

Ó wolẹ̀. "Awo, ó dúdú bí ọ̀dà, ó di ọjọ́ mẹ́ta."

"Ṣé inú ń run yín?"

"Rárá o. Ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn mí."

Ó yọ káàdì oògùn méjì lápò: diclofenac láàárọ̀, ibuprofen lálẹ́, àgbo jẹ̀dí olọ́tí ló sì fi ń sìn ín. Mi ò tiẹ̀ gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ jáde. Mo ní kọ́mọ mi wa mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú ikùn rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ páìntì méjì sí i lára. Ìgbà tára rẹ̀ yá la tó wá jókòó ti Ifá.

Ẹ sì gbọ́ pé inú ò run ún. Oògùn tó ń pa ìrora ẹ̀yìn lè bo ti ikùn náà mọ́lẹ̀.

Bí dókítà ṣe là á fún mi rèé. Paracetamol ni kí n kọ́kọ́ lò, tàbí èyí tí wọ́n ń fi pa orúnkún. Bí kò bá gbọ́, ẹyọ oríṣi kan ṣoṣo, lẹ́yìn oúnjẹ, ìwọ̀nba tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́, fún ọjọ́ díẹ̀. Diclofenac àgbàlagbà kò gbọdọ̀ ju 150 mg lọ lóòjọ́. Ibuprofen tí a kàn rà ní kẹ́mísì, 1,200 mg. Bó bá máa pẹ́, òun á fi omeprazole kún un fún ikùn, òun á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín mi wò.

Ẹni tó ti ní ọgbẹ́ inú rí, aláboyún, ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ò le, kí wọ́n má dá a lò rárá. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà, kó bi dókítà ná, torí oògùn ìrora yìí lè tún mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i.

Àwọn alágbo kan tún ń lọ oògùn òyìnbó mọ́ àgbo wọn (ìwà burúkú gbáà ni), ẹni tó ń mu ún ò sì ní mọ̀ pé ìlọ́po méjì lòun ń lò. Torí náà, bí ẹ bá ń lọ bá dókítà tàbí apòògùn, ẹ kó gbogbo káàdì oògùn yín dání, kẹ́ ẹ sì dárúkọ àgbo tẹ́ ẹ ń mu pẹ̀lú. Ẹ má fi tàgbo pamọ́ nítorí ìtìjú.