Ìkíni Ló Kù: Ọdún Méjì Mi ní Gámbíà

"Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kúulé." Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní awẹ́-gbólóhùn aṣàpèjúwe, òwe yìí kì í jìnnà sí mi lẹ́nu. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ ọ́ sójú pátákó, tí mo ń fa ilà sábẹ́ "tí kò kí ni kú àbọ̀", ṣùgbọ́n àjò ló jẹ́ kí n mọ bí òótọ́ inú rẹ̀ ti jinlẹ̀ tó. Ilẹ̀ Gámbíà ni mo rè. Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni ni mo bá lọ. Ọdún méjì ni mo sì lò níbẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nípa ìkíni àti nípa èdè ni mo fẹ́ fi tó ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò létí.

Ní 1987 ni ìjọba àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa dá ètò tí à ń pè ní Technical Aid Corps sílẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí wà nípò mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí ètò náà dá lé ni pé kí Nàìjíríà má ṣe máa fi kìkì owó ran àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì lọ́wọ́, bí kò ṣe kí ó máa fi àwọn ọmọ rẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́: dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà, olùkọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún méjì ni ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ ń lò kí ó tó padà sílé. Yorùbá ni iṣẹ́ mi nílé, ṣùgbọ́n nítorí pé mo ka Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ kí n tó gba díplómà nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí n lọ kọ́ àwọn ọmọ Gámbíà.

Kí n tó gbéra, ìtàn kan tí olùkọ́ wa kan máa ń sọ fún wa ní yunifásítì kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 1961, ọdún tí Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ Peace Corps sílẹ̀, Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rán àwọn ọ̀dọ́ wọn wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọmọbìnrin kan nínú wọn, tó ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní University College, Ìbàdàn, kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbé ayé àwọn ènìyàn ìlú yìí kò tí ì lajú rárá, pé òpópónà ni wọ́n ń gbé, òpópónà ni wọ́n ti ń dáná, òpópónà náà ni wọ́n sì ti ń tajà. Káàdì náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló bọ́ sí. Wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, ọgbà gbóná janjan, ọmọbìnrin náà sì padà sí ìlú rẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ohun tó kọ jẹ́ irọ́, nítorí ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀bá títì ni a ti ń tajà? Ṣùgbọ́n ó ti ròyìn ilé kí ó tó kí onílé. Ìyẹn ni mo ń rò nígbà tí mo ń di ẹrù mi.

Gámbíà kéré. Bí a bá yọ àwọn erékùṣù sẹ́yìn, kò sí orílẹ̀-èdè tó kéré tó o ní gbogbo Áfíríkà. Ìpínlẹ̀ Ògùn nìkan tóbi jù ú lọ. Odò kan, tí òun náà ń jẹ́ Gámbíà, ló la ilẹ̀ náà já láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, Sẹ̀nẹ̀gàl sì yí i ká àfi níbi tí òkun wà. Ìlú kékeré kan ní ìhà àríwá odò, tí kò jìnnà sí Farafenni, ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi mí sí wà. Àgbẹ̀ ẹ̀pà ló pọ̀ jù nínú wọn. Mandinka, Wolof àti Fúlàní ni mo bá níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ a sì máa gbọ́ èdè méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó kan Gẹ̀ẹ́sì tí í ṣe èdè ìjọba.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, baálé ilé tí mo wọ̀ sí kí mi pé, "Suumoolu lee?" Olùkọ́ kan tí í ṣe ọmọ ìlú náà túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Àwọn ará ilé ńkọ́?" Ó ní ìdáhùn rẹ̀ ni "I be jee", èyí ni "Wọ́n wà níbẹ̀". Ẹ̀rín pa mí. Ó dà bí ẹni pé ará àdúgbò wa nílé ló ń bi mí pé, "Ilé ńkọ́?", tí mo sì ń dá a lóhùn pé, "Wọ́n wà." Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn Wolof, bákan náà ni mo bá a. Bí wọ́n bá béèrè ará ilé tán, wọn a béèrè bàbá, wọn a béèrè ìyá, wọn a béèrè iṣẹ́, wọn a sì béèrè orúkọ ìdílé rẹ, kí wọ́n lè máa fi yẹ́ ọ sí gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń fi oríkì orílẹ̀ yẹ́ ara wa sí. Kò sí ẹni tí í sọ ohun tó bá wá kí gbogbo èyí tó parí.

Lọ́jọ́ kan, àlejò kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nídìí igi máńgòrò tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ju gbólóhùn ìkíni kan lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye ènìyàn tó ń pọn omi nínú kànga ìlú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń dá a lóhùn: "Ọlọ́run ló mọ̀." Bẹ́ẹ̀ kànga náà ti ń gbẹ láti bí oṣù mẹ́ta, àwọn obìnrin sì ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí omi. Ọkùnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Iṣẹ́ rere ló bá wá, ṣùgbọ́n kò kí kú àbọ̀, kò sì gbọ́ ẹ kúulé.

Abọ́ ńlá kan ni a jọ fi ń jẹun nílé. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń jẹ, iwájú ẹni sì ni a ti gbọ́dọ̀ mú. Ìyálé a máa já ẹja sí wẹ́wẹ́, a sì rọra tì í síwájú àlejò láìwí nǹkan kan. Bí kì í bá ṣe benachin, tí í ṣe ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ẹja àti ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò kan ṣoṣo, a jẹ́ domoda, ọbẹ̀ ẹ̀pà. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọn a gbé attaya kaná. Tíì ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sè é nínú ìkòkò kékeré lórí èédú. Ti àkọ́kọ́ a korò, ti ẹ̀ẹ̀kẹta a dùn, kí ti ẹ̀ẹ̀kẹta sì tó jinná, ilẹ̀ a ti ṣú, ọ̀rọ̀ a sì ti pọ̀ nílẹ̀. Ìdí attaya yìí ni mo ti kọ́ èdè Mandinka. Láàárọ̀, èmi ni olùkọ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ tí mo bi ní ìbéèrè láàárọ̀ a di olùkọ́ mi.

Ohun kan wá ń yà mí lẹ́nu. Láràárọ̀ ni àwọn obìnrin ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń fi í sínú búrẹ́dì fún oníbàárà. Àkàrà náà ni wọ́n ń pè é. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á bí orúkọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn. Àgbà kan nínú àwọn olùkọ́ ló ní kí n lọ bi àwọn Aku ní Banjul. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo wọ ọkọ̀ dé Barra, mo sì wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ẹnu odò. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé ni sọdá ní Farafenni pẹ̀lú nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, títí di oṣù kìn-ín-ní 2019 tí wọ́n ṣí afárá Senegambia.

Ta ni àwọn Aku? Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn a máa gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọn a sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé ń fọ́, tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan, àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú àwọn tí a gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, ẹni tó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní Freetown, àwọn ẹ̀yà yòókù ń gbọ́ bí àwọn ènìyàn wa ti ń kí ara wọn tọ̀sán-tòru: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Aku. Nígbà tí Koelle tẹ ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní 1854, Aku ni òun náà pe èdè wa. Wọ́n ti jìnnà sí ilẹ̀ wọn. Ìkíni wọn ni ayé fi dá wọn mọ̀. Àwọn kan nínú wọn ló ṣí lọ sí Bathurst, ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ dó ní 1816, tí ó di Banjul ní 1973.

Ìyá arúgbó kan ni wọ́n mú mi lọ bá. Èdè Aku rẹ̀ àti pijin tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ara wọn. Bí mo ti kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Kushe o." Ẹ̀yin náà gbọ́ "kú iṣẹ́" nínú rẹ̀. Ó ka ohun tí wọ́n ń sè fún mi: àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ó ní àwùjọ ni wọ́n ń pe àsè tí wọ́n ń ṣe fún àwọn òkú ọ̀run. Lẹ́yìn náà ni ó kọ orin kan tí ìyá ìyá rẹ̀ máa ń kọ níbi àsè náà. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta dá mi lójú nínú rẹ̀: ilé, ọmọ, omi. Mo bi í pé, "Màmá, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Ó ní òun rò pé orúkọ àwọn babańlá àwọn ni. Nígbà tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ké sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú yàrá, ó ní kí n tún un wí kí wọ́n gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Crowther, ọmọ Aku, ló tẹ ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, kí ó tó padà wá gẹ́gẹ́ bí àlùfáà sí ilẹ̀ yìí. Láàárín àwọn ènìyàn tí èdè wa ti kọ́kọ́ rí ìwé, lẹ́nu wọn náà ni ó ti kọ́kọ́ sọnù. Kì í ṣe ogun ló gbà á lẹ́nu wọn. Ìran kan gbọ́ ọ délẹ̀, ìran kejì gbọ́ díẹ̀, ìran kẹta ń fi kọrin. Ìkíni, orúkọ oúnjẹ àti orin ló kù.

Nígbà tí mo padà dé kíláàsì mi nílé, mo béèrè bí a ti ń kí aláró. Kẹ́kẹ́ pa. Mo béèrè ti onídìrí. Ọmọ kan péré ló mọ̀ ọ́n. "Àrẹ̀dú o", "Ojú gbooro o", "Àroko bọ́dún dé o": bí ẹni ń sọ èdè àjèjì ni wọ́n ń pè é tẹ̀ lé mi. Bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kó àwọn ọmọ yìí lẹ́rú. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jí. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fagi lé e ní 2025. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ àwa olùkọ́ ni kí a ṣe. Ní tèmi, mo ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi àgbà kan nílé wọn ní ìkíni márùn-ún tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ rí, kí ó sì wá fi kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí ẹ bá kan orí ìkíni nínú ìwé àṣà, ẹ má ṣe há a sórí nítorí máàkì nìkan. Ẹ lò ó lẹ́nu ọ̀nà ilé yín. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú fi ẹnu pa á mọ́ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, títí kan àwọn ọmọ wọn tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwa tí a mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ńkọ́?