Tòkunbọ̀ Yarí

Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ń kó ti ìlú òyìnbó dé ní tòkunbọ̀ kò ṣi orúkọ pè. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí a sì gbé wálé, ni a ń sọ ní Tòkunbọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a sì máa ní ìwà kan tàbí méjì tí ará ilé kò mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá yarí, a ó bẹ̀ ẹ́ títí, a ó nà án títí, kò ní dáhùn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tí ì bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́ ní èdè tí ó gbọ́.

Ọ̀kan nínú irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀ ọtọmátíìkì tí kò gbà kí a yọ jíà òun kúrò lójú P. Ní ayé Ìjàpá àti ayé Peugeot 504, ta ni í gbọ́ irú rẹ̀? Bí ọkọ̀ ìgbà náà bá kọ iṣẹ́, a ó yọ ọ́ sí fíríì, àwọn ọmọ àdúgbò a bá wa tì í, awakọ̀ a ki jíà bọ̀ ọ́, ó di gbirigbiri. Èyí tí ó há sójú P kò ṣeé tì. Irin kékeré kan wà nínú jíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ tí í há sáàárín eyín irin róbótó mìíràn bí èékánná, táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kò sì ní lè yí mọ́ títí a ó fi yọ ọ́.

Ìbàdàn ni ojú mi ti rí i, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo fẹ́ gbé ìyá mi lọ fún àyẹ̀wò ojú. Ọdún 1998 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréèkì, ṣùgbọ́n bọ́tìnì ara ọ̀pá jíà kò wọlé. Ìyá mi ti jókòó sẹ́yìn, ó gbé báàgì lé itan. “Má fi ipá fà á o,” ni gbogbo ohun tí ó sọ. Aládùúgbò mi kan wò ó, ó mi orí, ó ní ọwọ́ ayé ni. N kì í bá ẹni tí ó bá ní ayé ń bẹ jiyàn. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ayé kò kọ́ iṣẹ́ ríwáyà.

Mẹkáníìkì dé pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan. Ọ̀gá fa ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní jíàbọ́ọ̀sì ni, wọn yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iye tí jíàbọ́ọ̀sì ń gbà yóò mọ bí inú mi ti rí. Ni ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú sà. Ṣé kí Dókítà bá wa tẹ bíréèkì, kí n wo iná ẹ̀yìn?” Kò ní ọ̀gá òun purọ́. Kò tilẹ̀ ní òun mọ nǹkan kan. Ìbéèrè ni ó fi gba ọ̀nà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà. Mo tẹ bíréèkì. Iná ẹ̀yìn kò tàn.

Èmi tí mo ti gbọ́ bí àwọn babaláwo ti ń lo ìbò, ohun tí ọmọ náà ń ṣe kò ṣe àjèjì sí mi. Bí odù ti hàn lójú ọ̀pẹ̀lẹ̀, iṣẹ́ kò tí ì parí; ó ku ìbò. Owó ẹyọ ni bẹ́ẹ̀ ni, egungun ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ire ni àbí ibi? Bí ó bá jẹ́ ire, ire ajé ni àbí ire ọmọ? Báyìí ni ọ̀rọ̀ ń ṣe kéré sí i títí yóò fi dórí ojú abẹ níkòó. Ṣé fíúsì iná ẹ̀yìn ni ó jó? Ó yọ ọ́, kò jó. Ó kan súwíìsì kékeré tí ó wà lókè ọ̀pá bíréèkì, èyí tí í sọ fún ọkọ̀ pé ẹsẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ó ti kú. Ká ní iná tàn ni, ó ní etí ni òun ì bá dẹ sí abẹ́ ọ̀pá jíà: bí ó bá dún “tọ́” nígbà tí a tẹ bíréèkì, ìdènà ti ṣí, a ó wá ohun tí ó há síbẹ̀, bóyá mínírà tí ọmọdé dà sílẹ̀, bí kò bá dún, ìdènà fúnra rẹ̀ ni kò ríná tàbí ni ó bàjẹ́. Bí bọ́tìnì bá sì ń wọlé ṣùgbọ́n tí ọ̀pá wúwo, tí ọkọ̀ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwúwo ọkọ̀ ni ó tẹ èékánná náà mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tì í síwá sẹ́yìn díẹ̀, yóò bọ́.

Kí ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi so jíà mọ́ bíréèkì? Ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1980, ariwo gba ìlú pé ọkọ̀ Audi 5000 ń dédé sáré fúnra rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n gbé e ní 1986. Àbọ̀ ìwádìí ìjọba tí ó jáde ní 1989 sọ pé nínú ọ̀pọ̀ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó ṣì lọ tẹ iná dípò bíréèkì. Ṣáájú àbọ̀ náà ni Audi ti fi ìdènà yìí sí ọkọ̀ wọn, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Láti oṣù kẹsàn-án 2010 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ ọtọmátíìkì kéékèèké tuntun. Ewu ọmọdé tí ń fi ọ̀pá jíà ṣeré wà lára ohun tí ó fà á.

Ọmọ náà ṣí ìdérí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó ní kí n tẹ ti ẹsẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò ibẹ̀. Jíà yọ. Inú gbogbo wa dùn, àfi pé iná ẹ̀yìn kò tàn síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn wa kò sì ní mọ ìgbà tí a dúró. Mo gbé ìyá mi sínú Micra, táksí àwa ará Ìbàdàn, ó lọ pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ní kò yẹ kí a ná owó sí súwíìsì. Kí a ṣí ìdènà náà sílẹ̀ pátápátá, kí a so ó pa, bí wọ́n ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo wo ọgbà mi. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni láti ẹnu ilé títí dé gọ́tà, ọmọ ọmọ mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin sì fẹ́ràn láti máa jókòó sídìí ọkọ̀ bí awakọ̀. Mo ní rárá. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n rán an lọ sí Agodi Gate. Àlòkù ni ó rà bọ̀, tòkunbọ̀ bí ọkọ̀ náà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, iná ẹ̀yìn ti ń tàn, bọ́tìnì sì ti ń wọlé. Ọ̀gá ni ó gba owó iṣẹ́.