Omi Inú Táǹkì: Bí Àwọn Ọlọ́kadà Douala Ṣe Ń Bá Ìpẹtà Jà

Ẹni tó mọ òjò Ìbàdàn kò tíì mọ òjò Douala. Etí odò Wouri ni ìlú náà wà, níbi tí odò náà ti ń fẹjú lọ sínú òkun. Òun ló tóbi jù nínú àwọn ìlú Kamẹrúùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yaoundé ni olú ìlú. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti Ìbàdàn. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, aṣọ tí wọ́n sá lánàá lè ṣì tutù lónìí, iyọ̀ inú àwo a máa yòrò, bàtà aláwọ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì a sì máa bu. Inú irú afẹ́fẹ́ yìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún alùpùpù ń gbé tọ̀sán tòru. Bí wọ́n bá sì ń bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo ìbàjẹ́ náà ló wà níta níbi tí ojú ti lè rí i. Èyí tó ń fìyà jẹ ọlọ́kadà jù wà nínú táǹkì epo.

Bẹ́ńsíkìn ni wọ́n ń pe ọ̀kadà níbẹ̀. Orúkọ ijó kan ni, ijó àwọn Bamileke tí wọ́n máa ń tẹ̀ ba jó. Ẹni tó bá gbọ́ Pidgin yóò tètè mọ ìdí tí orúkọ náà fi bá ẹni tó jókòó sẹ́yìn alùpùpù lójú ọ̀nà oníkòtò mu. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, tí àwọn alátakò ìjọba sì ń ti ìlú pa ní 1991. Nígbà tí SOTUC, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìgboro, kógbá sílé ní 1995, alùpùpù di ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ti New Bell dé Akwa, tàbí tó fẹ́ gba orí afárá Wouri sọdá sí Bonabéri.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gun bẹ́ńsíkìn kọ́ ló ni ín. Ẹni tó ni ín ń retí owó tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni tìyàwó tọmọ yóò jẹ. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ra epo. Láti oṣù kejì ọdún 2024, 840 fáráńkì sẹ́fà ni lítà epo pẹtiróòlù kan ní ilé epo. Ẹni tó bá mú 1,000 fáráńkì lọ, lítà kan àti díẹ̀ ni yóò rí rà, bẹ́ẹ̀ sì ni táǹkì rẹ̀ lè gba nǹkan bíi lítà mẹ́wàá. Kí ló wá wà nínú àyè tó kù? Afẹ́fẹ́ Douala ni.

Lọ́sàn-án, oòrùn àti ooru ẹ́ńjìnnì á mú táǹkì gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, á sì gba ihò tíńtín tó wà lára ìdérí jáde. Bí òjò bá bà á, tàbí tí ilẹ̀ bá ṣú, táǹkì á tutù, á sì fa afẹ́fẹ́ mìíràn wọlé, èyí tó kún fún ọ̀rinrin. Ọ̀rinrin yẹn á sẹ̀ sára irin bí omi ti ń sẹ̀ sára ìdérí ìkòkò ọbẹ̀, á sì kán sílẹ̀. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà epo á léfòó, omi á sùn sí ìsàlẹ̀ pátápátá, irin ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ẹni tó ń ra epo kún táǹkì kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún omi. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a ni ìpẹtà ń bá gbé, owó tí kò rí fi ra epo ni yóò sì padà ná lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Epo inú ìgò náà ń dá kún un. Èyí tí wọ́n ń kó gba ẹnubodè Nàìjíríà wọlé, tí àwọn ará àríwá Kamẹrúùn ń pè ní zoua-zoua, tí àwọn ará Kútọnu ń pe irú rẹ̀ ní kpayo, ti dín kù láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023. Síbẹ̀, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fi ìgò ta epo lẹ́bàá ọ̀nà lásìkò òjò, omi kì í jìnnà síbẹ̀.

Àìsàn náà kì í ṣòro mọ̀. Alùpùpù ń sáré geere, ó dé orí afárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó kú. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ ta á, ó jí. Èérún ìpẹtà ló dí ojú ibi tí epo ń gbà lọ sí kábúrétọ̀; bí wọ́n bá dúró, epo á rọra sẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ á pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, wọ́n á fọ kábúrétọ̀, wọ́n á sanwó, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ó tún dé. Ẹni tó bá ṣí ìdérí táǹkì, tó sì tan tọ́ọ̀ṣì wò ó (tọ́ọ̀ṣì o, kì í ṣe ìṣáná), tó bá i pé inú rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, ti rí ibi tó yẹ kí owó náà lọ.

Ìta gbangba ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, kí ó jìnnà sí iná ìdáná, sìgá àti àwọn ọmọdé. Wọ́n á tú táǹkì kúrò, wọ́n á da epo inú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á yọ ohun tí wọ́n fi ń ṣí epo, wọ́n á sì dí ihò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ ẹ̀wọ̀n irin kúkúrú tàbí ẹ̀kúnwọ́ nọ́ọ̀tì sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ, wọ́n á sì máa mì í títí apá á fi ro wọ́n. Ẹ̀wọ̀n dára ju nọ́ọ̀tì lọ. Ẹ̀wọ̀n kan tó wọlé, ẹ̀wọ̀n kan ni yóò jáde, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì ogún lè di méjìdínlógún.

Èyí tí mímì kò bá ṣí, fínígà á ṣí i bí ó bá wà nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí owó kò bá tó láti kún táǹkì, ìdajì á ṣe é, kí wọ́n ṣáà máa yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan máa ń sọ pé omi bátìrì yá jù. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ irin tó ṣì dára náà ló ń jẹ, ó sì lè fọ́ ojú ènìyàn. Bí wọ́n bá ti da fínígà nù, kíkan rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù, nítorí òun náà á máa jẹ irin. Omi káún tí wọ́n sẹ́ dáadáa lè pa kíkan yẹn. Káún tí ìyàwó ilé ń fi se ewédú náà ni, òun sì ni wọ́n ń fi bọ ewé ndolé ní Douala, ìyẹn ewúro tiwa, kí ìkorò rẹ̀ lè dín kù.

Gbígbẹ ni iṣẹ́ tó le jù. Irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ìpẹtà lára rẹ̀ lè tún pọ́n kí wákàtí kan tó pé, pàápàá ní oṣù kẹjọ tí oòrùn kò yọ. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọ́kánáísà wúlò níhìn-ín, bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ tú omi inú ẹ̀rọ náà dànù. Kí ó tó tutù ni kí wọ́n ti da òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n yí i káàkiri, kí wọ́n sì da á nù. Lọ́jọ́ yẹn, ó kéré tán, ó yẹ kí epo kún táǹkì, kódà bí ó gba kí ọlọ́kadà yá owó.

Nígbà mìíràn, ìpẹtà gan-an ló ti ń dí ihò. Bí wọ́n bá bó o tán, epo á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àsìkò yìí ni ẹ̀mí ń wọ ọ̀ràn náà, nítorí ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni kí wọ́n gbé e lọ bá wẹ́dà. Táǹkì tí wọ́n ti da epo inú rẹ̀ nù kò ṣófo. Òórùn epo tó kù nínú rẹ̀, bó bá ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, ń bú bí àdó olóró nígbà tí iná bá kàn án. Omi tí wọ́n fi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan kò tó láti lé e jáde. Táǹkì àlòkù wọ́n lóòótọ́, àmọ́ òun ló yẹ kí bàbá ọlọ́mọ rà.

Táǹkì tó ti jẹ tán á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra àjákù irin. Àjákù kì í tètè kú ní Douala. Ní oríta Deïdo, ère kan tó ga ní nǹkan bíi mítà méjìlá dúró gbọin láàárín ọ̀nà, tí Joseph-Francis Sumégné fi àjákù irin àti àlòkù nǹkan ṣe ní 1996. Wọ́n jà lé e lórí gan-an nígbà náà, àwọn kan ní pàǹtírí lásán ni. Ní báyìí, bí wọ́n bá ń ya àwòrán ìlú náà, òun ni wọ́n ń yà. Àwọn bẹ́ńsíkìn ń yí i po láti ìdájí, kí wọ́n tó kọrí sí afárá tó ti wà láti 1955. Ẹni tó bá ti fọ táǹkì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ wo fíltà kékeré tí ojú ń rí inú rẹ̀, tó wà láàárín táǹkì àti kábúrétọ̀. Bí epo inú rẹ̀ bá mọ́, tí kò pọ́n, á ké sí oníbàárà pé kí ó gòkè.