Ìbídó: Ìlú tó Wà Nínú Ìlú

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ Ṣàgámù láti Èkó, tí ẹ ní Ìbídó lẹ̀ ń lọ, àdúgbò lásán ni ọ̀pọ̀ yóò pè é. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ìlú ni Ìbídó kí Ṣàgámù tó wà.

Ọdún 1872 ni ìlú mẹ́tàlá ní Rẹ́mọ kóra jọ sójú kan, kí ogun má baà máa kó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fin wà níbẹ̀, Màkún wà níbẹ̀, Adó àti Ìbídó náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n jọ ń jẹ́ Ṣàgámù, síbẹ̀ kò sí èyí tó ju orúkọ bàbá rẹ̀ nù. Àkárìgbò tó wà l'Ọ́fin ni olórí Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ Ìbídó léèrè ilé, Ìbídó ni yóò kọ́kọ́ dá yín lóhùn.

Nígbà tí mo débẹ̀, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alájà, tí ọlọ́kadà ń gba àárín wọn kọjá. Inú ilẹ̀ Ṣàgámù náà ni wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì.

Mo ní kí n ra obì. Ìyá tó ń tà á wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ti jíjẹ ni àbí ti bíbọ?" Àtẹ kan náà ni gbànja àti àbàtà wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbànja aláwẹ́ méjì kì í ṣe ohun tí a ń dà níwájú òrìṣà. Àbàtà olójú mẹ́rin là ń wá. Ṣùgbọ́n gbànja yìí ló sọ Ṣàgámù di ìlú olókìkí nídìí òwò obì. Òun náà ló mú àwọn Hausa wá, tí wọ́n fi tẹ̀dó sí Sábó, tí wọ́n ń kó o lọ sókè Ọya.

Ní oṣù Keje ọdún 1999, ọ̀rọ̀ ìṣéde orò dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àti àwa. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló lọ, ilé jóná, kò sì pẹ́ tí ìjà ẹ̀san fi bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò.

Ẹ̀yin ìyá wa ti mọ ìṣéde láti kékeré. Ilé lẹ ti kọ́ ọ. Ta ló kọ́ àlejò? Bí orò bá ku ọjọ́ mélòó kan, kí onílé sọ fún ayálégbé, kí á ránṣẹ́ sí Sábó, kí á sọ ọ́ ní èdè tó yé wọn. Àṣírí orò kò tú bí àlejò bá mọ ọjọ́ tí yóò jáde. Ìlú mẹ́tàlá gbé pọ̀ láìgba orúkọ ara wọn. Àwa àti àlejò wa náà lè gbé pọ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.