LÁDÍPỌ̀: NÍBI TÍ WỌ́N TI Ń TA ÌFUN ÀTI Ẹ̀DỌ̀ MỌ́TÒ

Ẹni tó bá wọ dáńfó ní Òṣòdì, tó dorí kọ ọ̀nà Mile 2, kò ní í tíì jókòó dáadáa tí kọ́ńdọ́ fi máa bèèrè pé, "Toyota wà?" Bí ẹ bá ti dáhùn pé ó wà, ẹ yáa di àpò yín mú, nítorí kí ẹsẹ̀ kejì tó kanlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin á ti rọ̀gbà yí yín ká. "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ rà? Ẹ́ńjìnnì? Gíá? Sọ́ọ̀kì? Ẹ tẹ̀ lé mi, ọ̀dọ̀ wa ló wà!" Ọ̀pọ̀ wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ni wọ́n ń mú èèyàn lọ, owó ẹsẹ̀ tí wọ́n sì rìn, orí ọjà tí ẹ máa rà ni wọ́n máa lé e.

Ládípọ̀ ní Múṣin nìyẹn o, ọjà páàtì mọ́tò tí kò sí onímọ́tò Èkó tí ò mọ̀ ọ́n, tí àwọn ará Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú náà ń wá ná. Àwọn ọmọ Ìbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n ń sọ, ọmọ tí wọ́n bí sí Múṣin gan-an ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ọ́ìlì ti mu ún yó. Ẹni tó bá wọ bàtà funfun lọ, dúdú ni yóò wọ̀ bọ̀. Wọ́n to ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ bí ẹni to iṣu, gíá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rẹ́díétọ̀ dúró ti ògiri, iná iwájú mọ́tò wà lókè tó ń wo àwọn èèyàn bí ojú òwìwí. Imú mọ́tò wà lọ́tọ̀, ìdí mọ́tò wà lọ́tọ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti gé e sí méjì bí ẹja, kí wọ́n tó kó o sínú kọ̀ǹténà.

Àwọn kan wà nínú àwọn imú mọ́tò yìí tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì wọn wà. Ìlú Japan ni wọ́n ti wá, níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ ní apá òsì títì. Nàìjíríà náà ń wà á lápá òsì tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba ní kí tajá tẹran bọ́ sápá ọ̀tún. Nítorí náà, ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì lára imú Japan lè lò ó gbádùn, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ráàkì sítíárì ló ń wá, kó la ojú ẹ̀ dáadáa. Tòsì kì í wọ tọ̀tún.

Bẹ́ ẹ bá sì gbọ́ "Bẹ́líjíọ̀mù" lẹ́nu ọmọ ọjà, kì í ṣe ìlú òyìnbó ló fẹ́ mú yín lọ o. Páàtì tí wọ́n ti lò nílùú òyìnbó, tó ṣì lágbára, ló ń wí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló fẹ́ràn rẹ̀ ju tuntun inú páálí lọ. Wọ́n ní ayédèrú ti pọ̀ jù nínú tuntun, pé páálí rẹ̀ gan-an ló máa ń dára jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ wọn jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò kan bíréèkì, kò kan bẹ́líìtì, kò sì kan táyà. Ohun tó jẹ́ pé jíjẹ ló ń jẹ tán, èwo ni ká tún máa ra àjẹkù rẹ̀?

WỌ́N NÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ TI KÚ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, màmá kan tó ń ta ata l'Ágége wọ ọjà náà pẹ̀lú mẹkáníìkì rẹ̀. Owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wà lábẹ́ ìró rẹ̀. Láyé tí wọ́n ń fi fóònù sanwó yìí, màmá ní owó tí òun ò bá fọwọ́ kàn, òun ò mọ̀ ọ́n lówó. Bọ́ọ̀sì Hiace àtijọ́ ló fi ń kó ata láti Mile 12 ní ìdájí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bọ́ọ̀sì ọ̀hún ti ń gbóná. Ọjọ́ tó bá gbóná, ata á pẹ́ dé, èyí tó bá sì ti rọ̀ nínú àpò kò ní gbówó mọ́. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ti kú, pé àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ti rí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ti nájà títí, ó ku díẹ̀ kí màmá tọwọ́ bọ abẹ́ ìró. Bàbá kan wà nítòsí tó jókòó sórí dúrọ́ọ̀mù, tó ń dúró kí wọ́n bá a wá jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ ni látijọ́. Ó wa Peugeot 504 nígbà tí wọ́n ń tò ó ní Kàdúná láti ọdún 1975, ó sì wa bọ́ọ̀sì Volkswagen.

"Màmá, ẹ má bínú pé mo dá sí i o. Kí ló ń ṣe mọ́tò yín gan-an?"

"Ó ń gbóná ni, Bàbá."

"Inú gosíló ló ti ń gbóná ni, àbí ìgbà tó bá ń sáré?"

Màmá dákẹ́, ó rò ó. "Inú gosíló mà ni. Tọ́nà bá ti tú, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, á tún rọlẹ̀."

"Tẹ́ ẹ bá fa géèjì ọ́ìlì rẹ̀ yọ, ṣé ọ́ìlì náà funfun bí ẹni po ògì?"

"Rárá o, dúdú ni."

"Èéfín funfun ńkọ́, ṣé ó ń yọ nídìí sàláńsà? Ṣé omi máa ń dédé gbẹ nínú rẹ́díétọ̀?"

"Ó tì."

"Ẹ́ńjìnnì tó kú kọ́ nìyẹn. Ẹ lọ wo fáànù."

Bàbá ṣàlàyé. Bí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ rẹ́díétọ̀. Bó bá dúró sójú kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù nìkan ló kù tó ń fẹ́ ẹ. Nínú irú Hiace àtijọ́ bẹ́ẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì kan wà tó ń di fáànù mú, bó bá ti rẹ̀ ẹ́, fáànù á kàn máa yí bí ẹni tó ń tòògbé ni. Ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀ ká ní omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni wọn ì bá kọ́kọ́ fura sí nígbà náà, ìyẹn gan-an kì í sì í ṣe ikú ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà.

Mẹkáníìkì fajú ro. Wọ́n máa ń sọ lọ́jà yìí pé ẹni tó mú oníbàárà wá ní ìpín tirẹ̀ lórí ohun tí wọ́n bá tà. Bóyá tirẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá kò sí, kò sẹ́ni tó bi í. Ó sì lè jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n ni, nítorí kò sí ẹni tí mọ́tò kì í tàn jẹ. Màmá ò sì dójú tì í.

"Ọmọ mi, o ò ṣẹ̀ mí. Ó ti tó ọdún méje tó o ti ń bá mi tún mọ́tò yìí ṣe. Jẹ́ ká ti fáànù wò ná. Bó bá ṣe ẹ́ńjìnnì náà ni, ṣebí ọjà ò ní í sá lọ."

Ọlọ́jà fò dìde. "Mọ́mì, ẹ má lọ báyìí! Èló lẹ mú wá gan-an?" Kí màmá tó yíjú padà, ẹ́ńjìnnì ti já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún ná an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì lóòótọ́, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba rìsíìtì. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Bí ti ara mọ́tò bá yàtọ̀ sí tinú ìwé, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá.

Ọ̀RỌ̀ TÓ JÁDE NÍDÌÍ DÚRỌ́Ọ̀MÙ

Bí mẹkáníìkì ti wá kílọ́ọ̀ṣì lọ, tòun ti ògbólógbòó ọwọ́ rẹ̀ kó má baà ra èyí tí kò báramu, ìdí dúrọ́ọ̀mù di ilé ẹjọ́. Télọ̀ kan tó ní Nissan Micra ní pọ́ọ̀ǹpù epo kejì láàárín ọdún kan lòun wá rà yìí. Bàbá bi í bóyá iná epo kì í kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ní inú téńkì ni pọ́ọ̀ǹpù wà, epo tó wà nínú ẹ̀ ló ń tù ú lára. Bí epo bá ń fìgbà gbogbo wà nísàlẹ̀ pátápátá, pọ́ọ̀ǹpù á gbóná, á jó.

"Bàbá, owó dà?" ni télọ̀ fi dá a lóhùn.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, lítà kan kò tó 200 náírà ní ilé-epo ìjọba l'Ékòó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó fò sí 488. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti ń gbá 1,000 lẹ́sẹ̀. Télọ̀ tó ń ra epo díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe ahun. Kò sẹ́ni tó rí ìdáhùn fún un.

Káfíńtà kan ní tòun, táyà lòun bá wá, ojú rẹ̀ ṣì nípọn bíi tuntun. Bàbá ní kó wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà papọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún. Káfíńtà tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò. 0811. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2011!

"Ọmọ kẹ́míìrì ẹ̀ ti wọ ilé-ìwé girama," ni Bàbá wí, àwọn tó wà níbẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ò rẹ́rìn-ín. Rọ́bà tó ti gbó máa ń gbẹ, ó máa ń sán nínú, ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó gbóná ló sì máa ń bẹ́ sí, bí ojú rẹ̀ ì báà nípọn tó. Táyà tí wọ́n ṣe nílé ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ mọ́tò nígbà kan, ṣùgbọ́n Michelin ti ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ pa ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró n'Íkẹjà lọ́dún 2008. Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí tòkunbọ̀ ò sí.

Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó wà nítòsí kò sọ̀rọ̀ rárá. Ó kàn ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì fi àpá han màmá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ìdérí rẹ́díétọ̀ ló ṣí nígbà tí omi ṣì ń hó nínú ẹ̀.

Ìgbà tí oòrùn kàn tàn, wọ́n ti de kílọ́ọ̀ṣì náà mọ́ Hiace ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Wọ́n tanná sí i, wọ́n fi sílẹ̀ lójú kan kó máa ṣiṣẹ́. Màmá fa àga sí ẹnu ọ̀nà ìwakọ̀, ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ ooru. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, abẹ́rẹ́ dé àárín. Ogún ìṣẹ́jú, àárín náà ló wà. Ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò kúrò níbẹ̀. Màmá dìde, ó tún owó àjọ rẹ̀ dì dáadáa sábẹ́ ìró, ó wá kọjú sí mẹkáníìkì.

"Èló wá ni owó iṣẹ́ rẹ? Má sì pe owó ẹ́ńjìnnì fún mi o!"