Téèpù Búlúù Lẹ́yìn Balotelli

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2012, ní ìlú Warsaw, Mario Balotelli, agbábọ́ọ̀lù Ítálì, gbá bọ́ọ̀lù kejì wọ àwọ̀n Jámánì, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì dúró gbagidi. Ọ̀já búlúù mẹ́ta lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti fojú rí téèpù tí àwọn eléré ń lẹ̀ mọ́ ara yìí dáadáa.

Òwú ni wọ́n fi hun ún, fọ́nrán tó ń fà bíi rọ́bà sì wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń nà ní òró tí kì í nà ní ìbú. Fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, rọ́ọ̀lù kan sì sábà máa ń gùn tó mítà 5. Bébà ló bo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá ṣí bébà náà, wàá rí i pé gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ: ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, àlàfo wà láàárín ìlà kan àti èkejì kí òógùn lè ríbi gbà jáde. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Kenzo Kase, ará Japan kan tó ń fọwọ́ tọ́jú egungun àti oríkèé, ló ṣe é láàárín ọdún 1970 sí 1979. Téèpù funfun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń di oríkèé pinpin. Kase fẹ́ èyí tí ara á lè máa yí nínú rẹ̀. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Beijing ní 2008, Kerri Walsh ará Amẹ́ríkà, tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá lórí iyanrìn, lẹ èyí tó dúdú mọ́ èjìká rẹ̀ fáyé rí, ó sì gba góòlù.

Ọ̀kan lára ìrora tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lẹ téèpù yìí ni ìrora iṣan lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó gun Òkè Olúmọ láàárọ̀ lè jẹun alẹ́ kó má mọ nǹkan kan. Ó di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, kí itan tó kọ̀ láti jókòó sórí àga. Sísọ̀kalẹ̀ ló fà á ju gígun òkè lọ, torí pé bí iṣan ṣe ń gbé ẹrù ara ló tún ń nà, fọ́nrán wíńníwínní inú rẹ̀ á sì ya.

Bí wọ́n bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ itan, wọ́n á fọ ibẹ̀ mọ́, wọ́n á nù ún gbẹ. Wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé igun téèpù kó rí roboto, torí igun tó mú ló ń tètè ká sókè bí ṣòkòtò bá ń ha á. Eléré á ká orúnkún kò kí iṣan itan lè nà. Wọn kì í fa orí àti ìdí téèpù rárá. Àárín nìkan ni wọ́n ń fà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ooru ló ń mú kí gọ́ọ̀mù náà di ara mú. Bó bá wá na ẹsẹ̀, téèpù á hunjọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ìhunjọ yìí làwọn tó ń tà á fi ń ṣàlàyé pé ó ń gbé awọ sókè kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè ṣàn. Èmi ò gbà á tán. Àwọn olùwádìí tó kó iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ jọ nínú ìwé ìròyìn Sports Medicine ní 2012 rí i pé ẹ̀rí tó lágbára kò pọ̀. Lójú tèmi, fífà tó rọra ń fa awọ yẹn gan-an ni ìtura: ara ń mọ̀ ọ́n lára, ọkàn sì ń kúrò lórí ìrora díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré fẹ́ni tó fẹ́ gun àtẹ̀gùn, àmọ́ kì í wo iṣan tó ya sàn.

Ẹ má fi ìpara bíi Robb tàbí Aboniki pa ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Òróró kì í jẹ́ kó lẹ̀, ohun tó ń ta lára nínú ìpara náà sì lè jó awọ lábẹ́ téèpù. Ó lè wà lára fún ọjọ́ 3 sí 5, ẹ sì lè fi wẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ fi òróró rẹ ẹ́, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ kan tẹ awọ mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tó sì ń dunni, ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ọn; ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.