Nígbà Tí Rédíò Ń Kọrin ní Pápákọ̀ Òfurufú

Láyé ìgbà tí àwa ń lọ tí a ń bọ̀ láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó, kí wọ́n tó ṣí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní ọdún 1979, ẹrù ẹlẹ́rù ló máa ń pọ̀ jù nínú àpótí wa. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹnìkan ń lọ sílé, ẹsẹ̀ kò ní í dá nílé rẹ̀ mọ́. Ẹni tó fẹ́ fowó ilé-ìwé ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ á wá, ẹni tó ra bàtà fún ìyá rẹ̀ á wá, ẹni tó ra aago fún bàbá ìyàwó rẹ̀ náà á wá. Kò sí fóònù alágbèéká, kò sí pé èèyàn jókòó sílé kó fowó ránṣẹ́. Ẹni tó ń rìnrìn àjò ni báńkì wa, òun náà ni lẹ́tà wa. Ẹni tó bá sì kọ̀, ìròyìn rẹ̀ á ṣáájú rẹ̀ délé.

Ohun tí wọ́n fi ń rán wa jù ni rédíò kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ ràgàjì ni, ó ní agbohùn lọ́tùn-ún lósì, ó sì ń jẹ bátìrì ńláńlá. A ó fi tówẹ̀lì wé e, a ó ki ìbọ̀sẹ̀ bọ ihò bátìrì rẹ̀ kí ibẹ̀ má baà fọ́, a ó wá gbé e lé itan nínú bàálù Nigeria Airways, èyí tí wọ́n ya erin abìyẹ́ sí lára. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ta ló bá mi di rédíò, tàbí kí ló wà nínú ikùn rẹ̀.

Èkó ni wọ́n ti ń bi wá, owó ẹrù ni wọ́n sì ń wá. Mo rántí òṣìṣẹ́ kásítọ́ọ̀mù kan, àgbàlagbà olójú ilà, tó ní kí n tú tówẹ̀lì náà. Ó ní, "Àbúrò, tàn án ká gbọ́." Mo ní kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Bàbá ṣí àpótí tábìlì rẹ̀, ó kó bátìrì olórí ẹkùn jáde, ó ń kì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti kásẹ́ẹ̀tì Ebenezer Obey bọ ẹnu rẹ̀. Bí gìtá ṣe dún, obìnrin kan tó tò sẹ́yìn mi gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó ki ìbàdí mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá gba owó ìjọba, ó já risíìtì fún mi, ó kó bátìrì rẹ̀ padà.

Ọdún 1986 ni nǹkan yí padà lójú tèmi. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún náà, ọmọbìnrin ará Ireland kan tó wà nínú oyún fẹ́ wọ bàálù El Al ní Heathrow, ó ń lọ sí Ísírẹ́lì. Ọkùnrin tó fún un lóyún, Nezar Hindawi, ti ṣèlérí pé òun máa fẹ́ ẹ, ó ní kó máa lọ ṣáájú. Òun ló fún un ní báàgì. Báàgì náà ti kọjá ayẹ̀wò àkọ́kọ́ láìsí ariwo. Àwọn ẹ̀ṣọ́ El Al ló kó ohun inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n rí i pé òfìfo báàgì ṣì wúwo. Ẹ̀tù abúgbàù ló wà lábẹ́ rẹ̀, inú ẹ̀rọ ìṣírò kékeré sì ni wọ́n fi ohun tí yóò ṣáná sí i pamọ́ sí. Ọmọbìnrin yìí kò mọ nǹkan kan. Èèyàn tó lé ní 370 ni ì bá bá a lọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún 45 ni wọ́n dá fún Hindawi ní oṣù Kẹwàá. Nínú oṣù Kẹwàá yẹn kan náà ni bọ́ǹbù inú àpò ìwé tí wọ́n mú wá sílé pa akọ̀ròyìn Dele Giwa ní Ìkẹjà. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ẹrù dídì ti ń bà wá, nílé àti lẹ́yìn odi.

Èyí tó wá kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1988. Bàálù Pan Am 103 gbéra ní Heathrow, ó ń lọ sí New York, ó sì bú gbàù lókè Lockerbie ní Scotland. Èèyàn 259 tó wà nínú rẹ̀ kú, ó sì pa 11 nílẹ̀. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí ṣa àfọ́kù jọ, inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì Toshiba ni bọ́ǹbù náà wà, nínú àpótí tí olówó rẹ̀ kò bá wọ bàálù. Rédíò tí à ń gbé lé itan! Lẹ́yìn ìyẹn, orí tábìlì ni wọ́n ti ń tú rédíò wa, tí wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò bátìrì. Ìbọ̀sẹ̀ tí a ki síbẹ̀ di ohun tí wọ́n ń fà yọ, tí wọ́n ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ìyókù ṣojú ẹ̀yin náà. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan tó ti Èkó gbéra gbìyànjú láti fọ́ bàálù tó ń lọ sí Detroit, àwa tó ní ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé la sì fara gbá a. Ní oṣù Keje ọdún 2014, Amẹ́ríkà ní fóònù tí kò bá tàn ní àwọn pápákọ̀ kan kò ní í wọ bàálù tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, kọ̀ǹpútà alágbèéká bú gbàù nínú bàálù tó gbéra ní Mogadishu. Ẹni tó gbé e wọlé nìkan ló kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn wa tó gba Dúbáì tàbí Istanbul lọ sí Amẹ́ríkà ní láti fi kọ̀ǹpútà sínú ẹrù ìsàlẹ̀ fún oṣù díẹ̀.

Àwọn ọmọ mi máa ń kùn bí wọ́n bá ní kí wọ́n yọ kọ̀ǹpútà jáde. Mo máa ń sọ fún wọn pé bátìrì àti irin inú rẹ̀ ki, wọ́n lè bo nǹkan mìíràn mọ́lẹ̀ lójú ẹ̀rọ ayẹ̀wò. Níbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ tuntun tó ń yí ẹrù wò lọ́tùn-ún lósì, wọn kì í ní kéèyàn yọ ọ́ mọ́. Òṣìṣẹ́ tó bá sì ní kí ẹ tan fóònù, ohun tí bàbá kásítọ́ọ̀mù sọ fún mi ló ń sọ. Owó ni ti bàbá, ẹ̀mí ni tiwọn.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ ṣì máa bá ara yín mú ẹrù lọ, ara ohun tó so wá pọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tú u níwájú ẹni tó rán yín. Aṣọ, ẹ gbọ̀n ọ́n. Gàrí, ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Fóònù, rédíò tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ̀ ọ́, nítorí ẹ ò lè rí inú rẹ̀. Ẹ fi iná sí fóònù tiyín kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì gbé páwà báńkì sínú báàgì ọwọ́, nítorí bó bá gbiná nísàlẹ̀ bàálù, kò sẹ́ni tí yóò tètè rí i. Ẹni tó bá sì ń bínú pé ẹ fẹ́ tú ẹrù òun, ẹ dá a padà fún un, ì báà ṣe ọmọ ìyá yín.